Ilẹ̀ Ni Ààrò Afẹ́fẹ́: Bí Òfurufú Ṣe Ń Gbóná àti Ìdí Tí Ooru Kò Fi Dọ́gba Láyé

Oòrùn ni orísun ooru ojú ayé, ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mímú afẹ́fẹ́ gbóná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò nìyẹn. Ìtànṣán oòrùn a máa la afẹ́fẹ́ kọjá gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ojú fèrèsé onígíláàsì wọlé, á bọ́ sórí ilẹ̀ àti omi, ilẹ̀ àti omi á gbà á mọ́ra, wọ́n á gbóná, ìgbà náà ni wọn yóò wá fi ooru tí wọ́n gbà ran afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí wọn. Ilẹ̀ ni ààrò, afẹ́fẹ́ ni ìkòkò tí wọ́n gbé ka orí rẹ̀, oòrùn ni ó sì ń dáná sí ààrò náà. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ pé láti ìsàlẹ̀ ni ooru ti ń wọ inú ìkòkò yìí yóò rí ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè tí ó dà bí àdììtú: ìdí tí orí òkè fi ń tutù ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí tí ooru fi ń mú jù lẹ́yìn tí oòrùn bá ti kúrò ní àtàrí, ìdí tí ìdájí ọyẹ́ fi ń mú kí eyín gbọ̀n nígbà tí ọ̀sán rẹ̀ ń jó ni lára, àti ìdí tí ìlú méjì tí oòrùn ń wò bákan náà kò fi ní ooru kan náà.

Ohun tí òfurufú jẹ́

Òfurufú ni gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó yí ilẹ̀ ayé ká, láti ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ ilẹ̀ títí dé òkè réré níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀dá kò fi lè rí i mí mọ́. Bí wọ́n bá pín afẹ́fẹ́ tí kò ní omi nínú sí ọ̀nà 100, náítírójìn ni yóò kó 78, ọ́síjìn tí ẹ̀dá alààyè ń mí sínú yóò kó 21, gáàsì mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ágọ́ọ̀nù yóò sì gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdá kan tí ó kù. Kábọ́ọ̀nù dáíọ́ksáìdì, ìyẹn gáàsì tí ènìyàn ń mí síta tí ó sì ń jáde nígbà tí igi tàbí epo bá ń jó, kò ju nǹkan bí ìdá 0.04 nínú 100 lọ. Ọ̀rinrin, ìyẹn omi tí ó ti di afẹ́fẹ́ tí ojú kò sì lè rí mọ́, kò ní iye kan tí ó dúró sí, nítorí pé ó lè tó nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ní ilẹ̀ olómi tí ó móoru, kí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá ní aṣálẹ̀. Bí àwọn méjì tí ó kẹ́yìn yìí ti kéré tó, ọwọ́ wọn ni apá tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ ooru wà, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ díẹ̀ ṣe ń pinnu adùn odidi ìkòkò ọbẹ̀.

Òfurufú ní ìpele ní orí ìpele. Ìpele tí ó sún mọ́ ilẹ̀ jù ni òjò, ìjì àti ọyẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀, ó ga tó nǹkan bí kìlómítà 16 ní àyíká ìlà agbedeméjì ayé, kò sì ju nǹkan bí kìlómítà 8 lọ ní ìpẹ̀kun ayé méjèèjì. Òṣùpá ni ó ń fi hàn bí ìgbé ayé ì bá ti rí láìsí aṣọ afẹ́fẹ́ yìí. Jíjìnnà tí òṣùpá jìnnà sí oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ayé, tí ó jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà, ṣùgbọ́n nítorí pé kò ní òfurufú tí ó tó nǹkan, ojú ilẹ̀ rẹ̀ a máa gbóná kọjá 100°C ní ọ̀sán, a sì máa tutù kọjá −100°C ní òru. Ní ti ayé, bí wọ́n bá da ooru tọ̀sán-tòru, tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn àti ti gbogbo ilẹ̀ àti òkun pọ̀ tí wọ́n sì pín in dọ́gba, yóò wà ní nǹkan bí 15°C.

Bí ooru oòrùn ṣe ń pín

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń lo ìṣẹ́jú 8 àti díẹ̀ lójú ọ̀nà kí ó tó dé ayé. Bí wọ́n bá ka gbogbo agbára tí ó bá a wá sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 29 ni àwọsánmà, eruku, yìnyín àti iyanrìn ń dá padà sókè láìjẹ́ pé ó mú ohunkóhun gbóná; nǹkan bí 23 ni òfurufú fúnra rẹ̀ ń gbà mọ́ra lójú ọ̀nà; nǹkan bí 48 tí ó kù ni ó ń dé ilẹ̀ àti òkun tí wọ́n sì ń gbé mì. Ìpín ti ìsàlẹ̀ ju ìlọ́po méjì ìpín tí afẹ́fẹ́ rí gbà lọ́wọ́ oòrùn ní tààrà, ìsàlẹ̀ náà kò sì lè pa gbogbo rẹ̀ mọ́ sínú, nítorí pé bí ó bá ń gbà lójoojúmọ́ tí kò sì fúnni, yóò máa gbóná títí yóò fi yọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà dá ooru náà padà.

Ọ̀nà kìíní ni ìfarakàn àti ìgbéra afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ó bá fara kan ilẹ̀ gbígbóná yóò gba ooru lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ tí ó di ṣíbí irin mú ṣe ń gba ooru ọbẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò mọ bí a ti ń ran ooru láti ara dé ara dáadáa, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbéra tí yóò gbé ooru náà lọ sókè. Èyí tí ó gbóná á fẹ̀, á fúyẹ́, á sì dìde. Èyí tí ó tutù tí ó sì wúwo á sọ̀kalẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀, bí omi ìkòkò ẹ̀wà ṣe ń yí po lórí iná tí ẹ̀wà ìsàlẹ̀ fi ń sọ sókè. Àṣá tí ó na ìyẹ́ tí kò sì jù ú, tí ó ń rà bàbà lókè ní ọ̀sán gangan, orí irú afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ń dìde bẹ́ẹ̀ ni ó dúró lé. Nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 tí oòrùn rán wá ni ó ń gba ọ̀nà yìí.

Ọ̀nà kejì, tí ẹrù rẹ̀ wúwo jù, ni ti omi tí ó ń gbẹ. Ẹni tí ó bá ti bu omi mu nínú àmù amọ̀ mọ̀ pé ó máa ń tutù ju omi inú ike lọ. Ohun tí ó fà á ni pé omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára àmù náà, ó ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, bí ó sì ti ń lọ ni ó ń kó ooru dání kúrò lára èyí tí ó kù nínú àmù. Ooru tí ń sọ omi di afẹ́fẹ́ kì í ṣe kékeré rárá, nítorí pé èyí tí yóò gbẹ líítà kan tí ó ti ń hó tán pátápátá ju ìlọ́po márùn-ún ooru tí ó gbé líítà kan náà láti 0°C dé 100°C lọ. Òkun, odò, ilẹ̀ tútù àti ewé igi ń ṣe iṣẹ́ àmù yìí ní gbogbo ìgbà. Ooru tí omi kó lọ kò sì sọnù: inú ọ̀rinrin ni ó fara pamọ́ sí bí owó tí wọ́n kì bọ àpò, nígbà tí ọ̀rinrin bá sì gòkè, tí ó tutù, tí ó tún di ẹ̀kán omi nínú àwọsánmà, yóò tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ òkè. Nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 ni ó ń bá ọ̀nà yìí lọ, òun sì ni agbára tí ó ń gbé àwọsánmà òjò alárá ró.

Ọ̀nà kẹta ni ìtànṣán. Ohunkóhun tí ó bá ní ooru lára a máa tan ìtànṣán jáde, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Irin tí alágbẹ̀dẹ fà yọ nínú iná a máa pọ́n bẹ́lẹ́jẹ́. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, pípọ́n yẹn á kúrò, irin á dúdú, síbẹ̀ ẹni tí ó bá na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án yóò mọ̀ pé ooru ṣì ń ti ara rẹ̀ jáde. Irú ìtànṣán òkùnkùn bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ayé ń tú sókè tọ̀sán-tòru, nǹkan bí ìdá 18 tí ó kù nínú 48 sì ni ó ń bá a lọ.

Nítorí pé ooru ń wọ afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀ ni ọ̀sán gangan kì í fi í ṣe wákàtí tí ooru mú jù. Nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí, ooru tí ń wọlé sínú ilẹ̀ ṣì pọ̀ ju èyí tí ń jáde lọ, bí ọlọ́jà tí owó tí ó ń pa ju èyí tí ó ń ná lọ, títí di aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán ni àpò ilẹ̀ yóò sì máa kún sí i. Láti ìgbà náà ni ìnáwó yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ju owó tí ń wọlé lọ, tí yóò sì máa rí bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ìdí sì nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìdájí, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yọ, ni òtútù ń mú jù.

Aṣọ tí ayé fi bora

Bí ìtànṣán òkùnkùn tí ilẹ̀ ń tú sókè bá ń lọ láìsí ìdádúró, ìpíndọ́gba ooru ayé kò ní ju nǹkan bí −18°C lọ, yìnyín ni ì bá sì bo òkun àti ilẹ̀. Náítírójìn àti ọ́síjìn kì í dá ìtànṣán yìí dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin, kábọ́ọ̀nù dáíọ́ksáìdì àti mẹ́tẹ́ẹ̀nì, ìyẹn gáàsì tí ń jáde nínú àbàtà, nínú ikùn màlúù àti ní ibi tí ìdọ̀tí ti ń jẹrà, a máa gbà á mọ́ra, wọ́n á gbóná, wọ́n á sì tún tú u jáde sí gbogbo ìhà, tí apá kan á fi padà sílẹ̀. Ooru tí ó ń padà wálẹ̀ yìí ni ó mú kí ayé wà ní nǹkan bí 15°C, ìyẹn ni pé aṣọ ìbora aláìrí yìí nìkan fi nǹkan bí 33°C kún ooru ayé.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdánwò tú àṣírí yìí. Ní 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Eunice Foote kó oríṣiríṣi afẹ́fẹ́ sínú ìgò gíláàsì, ó gbé wọn sínú oòrùn, ó sì rí i pé ìgò tí kábọ́ọ̀nù dáíọ́ksáìdì wà nínú rẹ̀ gbóná ju àwọn yòókù lọ, ó sì pẹ́ kí ó tó tutù. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, John Tyndall, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní London, fi ẹ̀rọ wọn bí gáàsì kọ̀ọ̀kan ṣe ń gba ìtànṣán òkùnkùn mọ́ra, ó sì fi hàn pé ọ̀rinrin lágbára púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ojú ọ̀run pàápàá ní ẹ̀rí tirẹ̀. Àgùàlà, tí àwọn kan ń pè ní ajá òṣùpá, jìnnà sí oòrùn ju ayé tí wọ́n ń pè ní Mercury lọ, síbẹ̀ òun ni ó gbóná jù láàrin àwọn ayé tí ń yí oòrùn po, ojú ilẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bí 460°C, nítorí pé kábọ́ọ̀nù dáíọ́ksáìdì tí ó nípọn gan-an ni ó fi bora.

Ìgbà ọyẹ́ ni iṣẹ́ aṣọ yìí ń hàn jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Láàrin oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, atẹ́gùn gbígbẹ a máa ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá sí ìhà gúúsù, á gbá ọ̀rinrin lọ, á sì fi eruku rọ́pò rẹ̀. Ní ọ̀sán, oòrùn á mú, nítorí pé kò sí àwọsánmà òjò tí yóò dí i lójú, ilẹ̀ gbígbẹ kò sì ní omi tí yóò fi tu ara rẹ̀ lára. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ooru ọ̀sán á máa sá lọ sókè, kò sí ọ̀rinrin tí ó tó láti dá a padà, òtútù á sì wọlé ní ìdájí tí ètè á fi máa là tí ara á fi máa funfun. Ní ìgbà òjò, ọ̀rọ̀ á yí padà: ọ̀rinrin àti àwọsánmà á bo ojú ọ̀run bí kúbùsù, ooru ọ̀sán á há sábẹ́ wọn, òru kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán.

Bí oòrùn ṣe ń wo ilẹ̀

Ohun tí ó kọ́kọ́ fa ìyàtọ̀ láàrin ibì kan àti ibòmíràn ni ìdúró oòrùn. Bí ènìyàn bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri ní ọ̀gangan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á kó jọ sí ojú kan, á sì mọ́lẹ̀ gidigidi. Bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ tan án, ìmọ́lẹ̀ kan náà á tẹ́ lọ lára ògiri, á sì rọ̀. Oòrùn tí ó wà ní àtàrí kó gbogbo agbára rẹ̀ sí ojú kan, èyí tí ó dagẹ̀rẹ̀ ní láti pín agbára kan náà sí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ là kọjá sì tún nípọn jù. Ní ìlú Èkó, tí ó wà ní nǹkan bí dígírì 6.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn ọ̀sán kì í rẹlẹ̀ ju nǹkan bí dígírì 60 lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ní oṣù Kejìlá. Ní London, tí ó wà ní nǹkan bí dígírì 51.5, oòrùn ọ̀sán ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá kì í ga ju nǹkan bí dígírì 15 lọ, agbára tí ì bá kó jọ sí ojú kan á sì tẹ́ lọ sórí ilẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Oòrùn náà kì í sì í pẹ́ lójú ọ̀run, nítorí pé ọ̀sán London kì í tó wákàtí 8 ní ìgbà náà, nígbà tí ti Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 12 jálẹ̀ ọdún.

Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé ìgbà òtútù ń wáyé nítorí pé ayé jìnnà sí oòrùn ní àsìkò náà, bẹ́ẹ̀ òdìkejì gan-an ni ti ìhà àríwá. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kínní, nígbà tí yìnyín ń bọ́ ní ìlú Chicago, ni ayé ń sún mọ́ oòrùn jù, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 147 kìlómítà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ni ó ń jìnnà jù, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 152. Ohun tí ó ń dá ìgbà sílẹ̀ ni pé ayé kò dúró gbọnrangandan bí ó ti ń yí oòrùn po: ó dagẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí dígírì 23.5, kò sì yí ìdagẹ̀rẹ̀ náà padà, nítorí náà, fún ìdajì ọdún, ìhà àríwá ni ó ń tẹ orí sí oòrùn, fún ìdajì kejì, ìhà gúúsù ni. Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì, nígbà tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn bá kó òdòdó àti ẹ̀bùn lọ fún Yemọja létí òkun ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, àárín ìgbà ooru ni wọ́n wà, nígbà tí àwọn tí ń gbé London ṣì wà nínú aṣọ òtútù.

Ooru tí ó kó jọ sí àárín ayé kì í dúró síbẹ̀. Atẹ́gùn àti ìṣàn omi inú òkun a máa gbé lára rẹ̀ lọ sí ìhà ìpẹ̀kun ayé, wọ́n á sì gbé tútù padà wá, bí kì í bá sì ṣe pàṣípààrọ̀ yìí ni, ilẹ̀ olóoru ì bá máa gbóná sí i, ìpẹ̀kun ayé ì bá sì tutù ju bí ó ti wà lọ. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ tí ó kù kò kéré: ní Vostok, ibùdó àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní Antarctica, wọ́n wọn −89.2°C ní ọjọ́ 21 oṣù Keje 1983, nígbà tí ìwọ̀n ooru tí ó ga jù nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé, 56.7°C, ti Death Valley ní Amẹ́ríkà wá, ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 1913.

Òkè tí ó sún mọ́ oòrùn, tí ó sì tutù

Bí ó bá jẹ́ pé oòrùn ni ó ń mú afẹ́fẹ́ gbóná láti òkè wá, orí òkè ni ì bá máa gbóná jù. Ṣùgbọ́n nítorí pé ilẹ̀ ni ààrò, bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń jìnnà sí ìtẹ́jú òkun ni ó ń tutù sí i, ní nǹkan bí 6.5°C fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ohun méjì ni ó fa èyí. Afẹ́fẹ́ tí ó bá ń gòkè máa ń kúrò lábẹ́ ẹrù afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀, ó ń fẹ̀, fífẹ̀ náà sì ń gba agbára lára rẹ̀ tí ó fi ń tutù. Bákan náà, afẹ́fẹ́ òkè fẹ́lẹ́, ọ̀rinrin inú rẹ̀ kéré, kò sì lè di ooru mú. Sísún mọ́ oòrùn kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀, nítorí kí ni kìlómítà mélòó kan lójú mílíọ̀nù 150?

Ìlú Jos wà ní ìhà àríwá Lókọ́jà, ìrònú lásán ì bá sì sọ pé Jos ni yóò gbóná jù, bí ó ti sún mọ́ aṣálẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n orí òkè pẹrẹsẹ tí ó ga ní nǹkan bí mítà 1,200 sí ìtẹ́jú òkun ni Jos wà, Lókọ́jà sì wà nísàlẹ̀ ní ìpàdé odò Ọya àti odò Benue, nítorí náà Jos ni àwọn ènìyàn ti ń wọ aṣọ òtútù, tí ọ̀dùnkún òyìnbó sì ń ṣe dáadáa lóko. Òkè Kilimanjaro ní Tanzania, tí kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ga tó mítà 5,895, yìnyín sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ bàálù tí ó ń fò ní nǹkan bí kìlómítà 10 sókè, afẹ́fẹ́ tí ó wà lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀ tutù tó nǹkan bí −50°C, bí oòrùn tilẹ̀ ń tàn yanranyanran sórí ìyẹ́ bàálù náà.

Òkun tí kì í yára bínú

Omi àti ilẹ̀ kì í gba ooru bákan náà. Ooru tí yóò gbé kílò omi kan sókè ní 1°C tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún èyí tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún kílò iyanrìn gbígbẹ kan. Lẹ́yìn èyí, ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú omi lọ, ìgbì ń ro ooru náà pọ̀ mọ́ omi ìsàlẹ̀, òmíràn sì ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé awọ ilẹ̀ nìkan ni ó ń gba gbogbo rẹ̀ sára ní ti iyanrìn. Nítorí náà ni òkun fi máa ń pẹ́ kí ó tó gbóná, tí ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó tutù, ìlú tí ó bá sì wà létí rẹ̀ a máa jẹ àǹfààní ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀. Ní Maiduguri, tí ó jìnnà sí òkun, ọ̀sán oṣù Kẹrin a máa dé 40°C, a sì tún máa kọjá bẹ́ẹ̀; ní Èkó àti Kútọnu, tí òkun wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, ooru kì í sáábà dé ibẹ̀ rárá. Bí ilẹ̀ wọn bá gbóná ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ á dìde, atẹ́gùn tútù á sì fẹ́ wọlé láti ojú òkun wá rọ́pò rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ó le jù ni ti Verkhoyansk ní Siberia, tí ó wà ní àárín ilẹ̀ ńlá tí òkun olóoru kò dé: wọ́n ti wọn −67.8°C níbẹ̀ ní oṣù Kejì 1892, wọ́n sì wọn 38°C ní oṣù Kẹfà 2020.

Omi òkun pẹ̀lú kì í dúró sójú kan. Ìṣàn omi gbígbóná kan ń ti ìhà Amẹ́ríkà la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá lọ sí àríwá Yúróòpù, atẹ́gùn tí ó ń ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́ sì ń gbé ooru òkun náà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Winnipeg ní Kánádà wà ní ìhà gúúsù ju London lọ díẹ̀, oòrùn rẹ̀ sì ga díẹ̀ jù, síbẹ̀ àárín ilẹ̀ ni ó wà, ìpíndọ́gba ooru oṣù Kínní níbẹ̀ sì tó nǹkan bí −16°C, nígbà tí ti London kì í sábà wálẹ̀ dé òdo.

Ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láàrin oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù a máa ti ìsàlẹ̀ òkun yọ sókè ní etíkun Ghana títí dé Togo àti Benin, á sì mú kí afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ tutù, kí òjò etíkun sì dínkù. Èyí wà lára ohun tí ó fa ìdáwọ́dúró òjò oṣù Kẹjọ tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ dáadáa. Àwọsánmà àsìkò náà tún ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń wà ní àtàrí gangan ní Èkó, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ti oṣù Kẹrin ni ó ń mú ooru wá, nítorí pé ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, nígbà tí ti oṣù Kẹsàn-án ń bá àwọsánmà tí ó dí i lójú àti ilẹ̀ tí òjò ti rin gbingbin.

Ohun tí ènìyàn ń fi sí ààrò

Bí ó ti jẹ́ pé ilẹ̀ ni ààrò, ohun tí ènìyàn bá fi bo ilẹ̀ kò lè ṣàì hàn nínú ooru. Yìnyín tuntun a máa dá ohun tí ó ju ìdá 80 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Òkun àti igbó dúdú máa ń gba nǹkan bí ìdá 90 mọ́ra. Ṣùgbọ́n igbó àti òkun ní omi tí wọ́n fi ń tu ara wọn lára, títì ọlọ́dà kò ní. Nígbà tí wọ́n bá gé igi àdúgbò kan, tí wọ́n da sìmẹ́ńtì bo àgbàlá, tí wọ́n kọ́lé kànkan tí afẹ́fẹ́ kò fi rí ọ̀nà gbà, wọ́n ti fọ́ àmù ibẹ̀, òkúta tí ń gba ooru ní ọ̀sán tí ó sì ń tú u jáde ní òru ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tí àárín ìgboro fi máa ń gbóná ju oko tí ó yí i ká lọ, pàápàá ní alẹ́.

Aṣọ ìbora ayé pẹ̀lú ń nípọn sí i. Kí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ tó gbilẹ̀ láyé, nínú mílíọ̀nù kan ẹyọ afẹ́fẹ́, nǹkan bí 280 ni ó jẹ́ kábọ́ọ̀nù dáíọ́ksáìdì. Ní 1958, nígbà tí Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, ó ti di nǹkan bí 315. Lónìí, ó ti kọjá 420, èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì tí ènìyàn ń jó, pẹ̀lú igbó tí wọ́n ń pa run, ni ó sì fà á. Láàrin àsìkò náà, ìpíndọ́gba ooru ayé ti fi ohun tí ó ju 1°C lọ ga ju bí ó ti wà ní ìdajì kejì ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún lọ. Afẹ́fẹ́ tí ó bá fi 1°C gbóná sí i lè gba nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ọ̀rinrin sí i, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó lè fa omi ilẹ̀ gbẹ kíákíá ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì da òjò tí ó wúwo jù sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń rọ̀.

Kò sí ẹni tí ó lè sún oòrùn sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí ó lè tún ìdagẹ̀rẹ̀ ayé ṣe, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀, níbi tí ooru ti ń wọ inú afẹ́fẹ́, abẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó wà. Àwọn tí ó tẹ ìlú Yorùbá dó a máa gbin igi odán sí ojúde ọba àti sí àárín ọjà, wọn kò sì ní ẹ̀rọ kankan tí wọ́n fi ń wọn ooru. Ohun tí igi náà ń ṣe ni ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ń ṣàlàyé lónìí: ó ń gba ìtànṣán kí ó tó dé ilẹ̀, ó ń fi ewé rẹ̀ tú omi sínú afẹ́fẹ́ bí àmù, ó sì ń fa kábọ́ọ̀nù dáíọ́ksáìdì mọ́ra. Ìlú tí ó bá ń gé odán rẹ̀ láti fi títì àti sìmẹ́ńtì rọ́pò rẹ̀ ń koná mọ́ ààrò tí òun fúnra rẹ̀ jókòó lé. Ìlú tí ó bá sì ń gbin òmíràn ń fa igi jáde nínú iná náà, ní ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti tó o.